Sí Síkírátù, Nípa Yìgì Tó Fẹ́ So Láàárín Àwọn Àgùnfọn

Yantala, Niamey.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Síkírátù Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, ọkàn mi sì ti rọ̀ ju bó ṣe wà ní Àlàmísì lọ. Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé bàbá rẹ tó ní fóònù lápò jókòó ti bébà àti bíìrò. Bí mo bá pè ọ́, màá pariwo, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Bébà kì í pariwo. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Dosso ló máa mú un wá fún ọ ní ilé ìwé tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Kà á díẹ̀díẹ̀. Níbi tí Yorùbá rẹ̀ bá ti le jù fún ọ, pe ìyá rẹ, má pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ tí o rán sí mi ṣe dé etí mi. Mo wà nínú ìsọ̀ mi ní Grand Marché, mò ń ká àǹkárá tí àwọn oníbàárà tú sílẹ̀ tí wọn kò rà, nígbà tí ohùn rẹ wọlé lórí wásáàpù. O mọ bí ojú mi ṣe rí, n kì í mọ ohun tí mò ń tẹ̀ dáadáa lórí fóònù yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì ké síta. Bàbá Gàníyù, aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi, ló jókòó tì mí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí o kí mi kú ọjà. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ́:

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi àti Sùmáná ti pinnu. A ò fẹ́ fẹ́tì àti àríyá rárá. A fẹ́ so yìgì wa nínú páàkì ní Kouré, lábẹ́ igi gáwò, nígbà ọlidé òjò tí mo bá ń bọ̀. Àwa méjì, Alfa, àti ẹlẹ́rìí méjì. C'est tout, ó parí. Orúnkún yín ń dùn yín, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ kàn fún Alfa ní procuration, kó dúró ní ipò yín, kó fà mí fún ọkọ. Ẹ bá mi sọ fún Màmá náà."

Bàbá Gàníyù bojú wò mí. Ó ní, "Alájì, ṣé ẹ gbọ́ sí i ṣá?"

Mo ní, "Kí ni mi ò gbọ́ sí? Èmi gan-an ni mo ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀."

Irọ́ funfun báláú. Mo pa á láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà sídìí aṣọ tí mò ń ká. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ká aṣọ kan ṣoṣo yẹn, kò sì gún.

Nígbà tí mo délé, mo ti ń gbaná jẹ. Mo ní ọmọ yìí ti dójú tì mí, mo ní Faransé tí a rán an lọ kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tó fẹ́ kí ẹranko wá jẹ́rìí sí ìgbéyàwó òun. Ìyá rẹ ń ṣa ìrẹsì. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Síkírá, ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ sọ̀rọ̀?" Ó sì ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. Mo jókòó. Mo ní kó fún mi lómi.

Ohun tí ìyá rẹ ń tọ́ka sí, a kò sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ rí. Ó ti tó kí ẹ gbọ́.

N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí n wá kọ́ iṣẹ́ aṣọ títà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan níbí. Mo rí ìyá rẹ, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Niamey, níbi tó ti ń fi èdè Zarma bú àwọn tó fẹ́ ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Mo ní èyí ni màá fẹ́. Bàbá rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní bí mo bá ti mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ, kí n má fi wíwá lójoojúmọ́ ba ọmọ òun lórúkọ jẹ́, kí á so yìgì. Ní Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a so ó ní àgbàlá wọn ní Yantala níbí. A kò ju méjìlá lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti etí odò, wọ́n fi omi tútù àti dàbínù ṣe wá lálejò. Gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ó dùn, n kò sì tíì dé ìgbéyàwó tó dùn tó o láti ìgbà náà.

Mo ní mo máa sọ fún bàbá mi fúnra mi nígbà tí mo bá lọ ṣe Iléyá. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àbí? Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí, torí bàbá mi ti ń bá ilé kan sọ̀rọ̀ nítorí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tí mo gbàgbé ni obì. O mọ bí a ti ń ṣe é níbí: bí yìgì bá ti so, obì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹni tí obì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti gbọ́ nìyẹn, ẹni tí kò rí i gbà, wọn kò kà á sí ará ilé. Bàbá ìyá rẹ kò mọ̀ pé n kò tíì sọ nǹkan kan. Ó di obì sínú ewé, ó fi rán oníṣòwò kan tó ń lọ sílé pé kó gbé e fún àna òun. Ọkùnrin náà bá bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, obì ìgbéyàwó ọmọ yín rè é. Àwọn àna yín ní Niamey ní kí n kí yín."

Wọ́n ní bàbá mi gba obì náà, ó wò ó díẹ̀. Ó wá ní, "Àlùhámúdù lílàhì. Mo ti ń retí ẹ̀ láti ìjẹta." Ó pín in fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún mi, kò sì sẹ́ni tó fura. Ó bò mí láṣìírí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, èmi tí mo wà ní Niamey tí mò ń jẹ dàbínù.

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ fún Iléyá, n kò mọ̀ pé obì ti ṣáájú mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá mi jẹ́ kí n jẹun tán, ó ní, "Ọjọ́ wo ni?"

Mo ní, "Jímọ̀ ni, Bàbá."

"Àsìkò wo?"

"Lẹ́yìn Àsárì."

Ó mi orí. Ó ní, "Mo ti ń gbìyànjú láti rántí nǹkan tí mò ń ṣe lásìkò yẹn. Bóyá mo wà lóko. Bóyá mò ń sùn ni. N ò rántí mọ́."

Kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá nà mí lẹ́gba lọ́jọ́ yẹn, ì bá sàn fún mi. Nígbà tí ìyá rẹ wá ní "ẹ̀yin náà" lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo rí i pé irọ́ tí mo pa fún Bàbá Gàníyù, bàbá mi ti pa á ṣáájú mi.

Ohun tí "n ò rántí mọ́" tí bàbá mi sọ yẹn sọ mí dà ni ìwọ sì fojú rí nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ Múkáílà. O rò pé ariwo ni mo fẹ́ràn. Rárá o. Mo ti búra pé kò ní sí ẹnì kan tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi lẹ́nu ẹlòmíì. Mo pe gbogbo ìlà aláṣọ, mo pe ìlà oníbàtà, mo pe àwọn ará Kirkissoye tí a jọ wọ takisí lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyàwó tuntun kò rí àga jókòó sí. Ìwọ ń pín omi láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ fi wú, mo sì rí ọ lẹ́yìn ilé ìdáná níbi tí o ti ń sunkún. Mo rí ọ, mo sì kọjá, torí pé àlejò kan ń pè mí. Ọmọ mi, jọ̀wọ́ dárí jì mí. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni Kouré ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà n kò ní kó o má ṣe é ní kékeré. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìmọ̀ràn ni mo ní, bí ọmọdé bá sì láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mò ń tú fún ọ yìí.

Èkíní. Kékeré yàtọ̀ sí ìkọ̀kọ̀. O lè pe ẹni méjì, kó o sì sọ fún igba ènìyàn. Kí o tó mú ọjọ́, ìyá Sùmáná ni kó o kọ́kọ́ lọ bá, kó o fi Zarma rẹ tó dán yẹn sọ fún un fúnra rẹ. Opó ni, òun nìkan ló tọ́ ọmọ yẹn dàgbà. Má jẹ́ kó jẹ́ aládùúgbò ni yóò wá kí i kú oríire kó tó mọ̀. Bí yìgì bá sì ti so, kí obì rìn lọ́jọ́ náà gan-an, kó tọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì jáde, kó má tọwọ́ ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ẹ má fi tiyín pamọ́ sápò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò lè rìn mọ́ ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí i. Kí i dáadáa, má kí i ní bonjour.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹ má torí pé ẹnì kan mọ fọ́tò yà kí ẹ fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ẹ lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá òní pé "o wà níbẹ̀, o gbọ́ ohun tí a sọ," òun ni kí ẹ mú. Tèmi, mo mú ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe àwàdà. Ó pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, a kò sì tún fojú kàn án mọ́.

Ní ti Kouré fúnra rẹ̀, n kò bá ọ jà. Ìwọ lo mú wa lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí Sùmáná kọ́kọ́ wá kí wa nílé. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí: ẹnì kan ti kọ́ ọ pé Yorùbá a máa dọ̀bálẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún èmi, fún ìyá rẹ, fún télọ̀ tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó mú wa wọ inú igbó níbi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń fi àwọn àgùnfọn han àlejò, mo rí i pé ọmọ gidi ni. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo òkè, ó mọ ibi tí àwọn àgùnfọn ti kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ la ẹnu, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Baaba, kala suuru." Èmi tí mo ti fi ogójì ọdún pariwo lọ́jà! Mo ṣe sùúrù. Àgùnfọn kan sì yọ orí rẹ̀ gígùn lókè igi, ó wò wá títí, ó ń jẹ ewé rẹ̀ lọ. Atẹ́gùn nìkan ló ń dún. Mo rí ohun tí o rí níbẹ̀, Àṣàkẹ́, ó sì wù mí.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ ìlú, ta ló ní kó o so yìgì lábẹ́ gáwò nígbà òjò? Gáwò kò ṣe bí àwọn igi yòókù. Ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé. Bí ẹ bá tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀ nígbà ọlidé rẹ, ẹ̀ka gbígbẹ àti oòrùn ni ẹ máa bá níbẹ̀, ẹrẹ̀ á sì mú ọkọ̀ Alfa lójú ọ̀nà. Sùmáná mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kó lè sọ fún ọ pé rárá, àṣìṣe tí ọkọ àfẹ́sọ́nà gbogbo ń ṣe sì ni. Bi í léèrè tààrà. Bí ó bá jẹ́ èmi, màá dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti kórè jéró, tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí ọyẹ́ kò tíì mú ojú ọ̀run ṣú. Ẹ lọ ní àárọ̀. Má wọ aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀gún ibẹ̀ kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ìyàwó. Ẹ gbé omi ju èyí tí ẹ rò pé ó tó lọ, kí ẹ sì kó gbogbo ọ̀rá tí ẹ bá mú lọ padà wálé. Bí onífọ́tò bá ní kí ẹ túbọ̀ sún mọ́ ẹranko, kí Sùmáná bá a wí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ lọ gba ìwé ìgbéyàwó ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Yìgì ni Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀, ìwé ni wọ́n máa béèrè.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin ni, n kò mọ ibi tí mo kà dé mọ́. Ní ọdún tí mo fẹ́ ìyá rẹ, a jà torí pé ó ń lọ sílé ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọjà. Mo rò ó fún Bàbá Gàníyù àti gbogbo ìlà wa, wọ́n dá mi láre, inú mi sì dùn. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ lọ ra tòmátì. Obìnrin tó ń ta tòmátì, tí kò mọ̀ ọ́n rí, bi í pé, "Ṣé ìwọ ni ìyàwó tí kì í gbélé?" Ó padà wálé láìra nǹkan kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ fún mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. O fẹ́ kí ìgbéyàwó rẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò sí ariwo, jẹ́ kí ìjà yín náà máa parí síbẹ̀. Bí inú bá sì bí ọ sí ọkọ rẹ, yẹra fún Faransé. Mo ti ṣàkíyèsí pé inú rẹ kì í tètè rọ̀ nínú èdè yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì jókòó sí mi láyà láti Àlàmísì.

O ní orúnkún mi ń dùn mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúnkún yìí ni mò ń gbé lọ sọ́jà ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, Kouré kò sì ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúnkún. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí mo bá wá, gbogbo ìlà aláṣọ á tẹ̀ lé mi. O kò jẹ̀bi. Ó dùn mí ṣá. Ní Jímọ̀, mo sunkún díẹ̀ lórí ẹní ìrun mi, ìyá rẹ rí mi, ó sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí mi.

Láàárọ̀ yìí, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n sọ pé n kò ní fún Alfa láṣẹ, kí yìgì má lè so àfi bí mo bá wà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ mi ni, kò sì sẹ́ni tó lè bi mí. Ṣùgbọ́n mo rò ó síwájú sẹ́yìn. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàá pè mí lóòótọ́. Ọkọ̀ á gbé mi débẹ̀, màá jókòó lórí ẹní yẹn, n kò sì ní mọ̀ títí láé bóyá bàbá rẹ ni o pè, tàbí àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà mo pe Alfa kí n tó mú bíìrò. Ìyá rẹ jókòó tì mí. Mo ní mo fi Síkírátù ọmọ mi fún Sùmáná, kí Alfa dúró fún mi ní ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá yàn, ìbáà jẹ́ ìgbà òjò, ìbáà jẹ́ lábẹ́ igi tí kò ní ewé kan lórí. Alfa ní òun gbọ́. Ìyá rẹ ní "àmín," ó sì lọ gbé omi kaná. Ó ti parí, n kò ní yí i padà.

Bí o kò bá pè wá, n kò ní bínú. Màá ṣàdúà fún yín láti Yantala níbí, àdúà kì í wọ ọkọ̀. Bí o bá pè wá, èmi àti ìyá rẹ nìkan la máa wá, Bàbá Gàníyù kò sì ní gbọ́ títí obì fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yìgì rẹ lè so láìsí mi báyìí, Síkírátù, o kò nílò mi fún ohunkóhun. Bí mo bá wá gbọ́ ohùn rẹ pé, "Bàbá, ẹ máa bọ̀," màá mọ̀ pé èmi ni o fẹ́ rí.

Bàbá rẹ,
Láfíú.